Aró Tí Ń Tú Àṣírí Kòkòrò Àrùn

Bí ikọ́ bá ti ń ṣe ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì wá lọ sí ilé-ìwòsàn, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò fún un lè má jẹ́ oògùn rárá. Ike kékeré kan tí ó ní ìdérí ni wọn yóò nà sí i. Wọn a ní kí ó lọ sí ìta gbangba, kí ó wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà, kí ó sì tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú rẹ̀. Mo ti rí àgbàlagbà tí ó bínú sí èyí. Ó ní, "Ẹ wo ọ̀rọ̀! Oògùn ni mo wá gbà, ẹ ní kí n máa tutọ́ sínú ike bí ọmọdé." Ó gbé ike náà kalẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Nítorí irú bàbá bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ ohun tí à ń fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e fún wa tán. Inú yàrá kan lẹ́yìn ni àwa máa ń wà, ẹ kì í sì í sábà rí wa.

Aró ni à ń pa á. Bẹ́ẹ̀ ni o, à ń pa á láró gẹ́gẹ́ bí ìyá aláró ti ń pa aṣọ, a sì ní ìkòkò aró tiwa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìgò kéékèèké ni tiwa wà. Àwọ̀ tí kòkòrò àrùn bá gbà, àti èyí tí ó bá kọ̀, ni a fi ń mọ ẹni tí í ṣe.

Kòkòrò tí mo ń sọ yìí kì í ṣe irú èyí tí ẹ mọ̀. Kì í ṣe iná orí, kì í sì í ṣe ìdun. Bakitéríà ni orúkọ rẹ̀. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ẹ bá to bíi 1,000 nínú àwọn tí ó rí róbótó tẹ̀lé ara wọn, gígùn gbogbo wọn kò ní ju mìlímítà 1 lọ, ìyẹn ni àlàfo tóóró tí ó wà láàárín ìlà kékeré méjì lára rúlà yín. Ojú lásán kò lè rí i. Ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó rí i ni Antonie van Leeuwenhoek, oníṣòwò aṣọ kan ní ìlú Delft ní ilẹ̀ Họ́láǹdì, tí ó máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ rin gíláàsì kéékèèké tí í sọ ohun kékeré di ńlá. Ní 1683 ó kọ lẹ́tà sí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pé òun ha ẹ̀gbin funfun tí ó lẹ̀ mọ́ eyín òun, òun fi gíláàsì wò ó, òun sì rí àwọn ẹ̀dá alààyè tí ń rìn nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí á rí nǹkan kò tó, a gbọ́dọ̀ dá a mọ̀. Ẹ mú ègé gíláàsì mímọ́ kan, kí ẹ jù ú sínú àwo omi, kí ẹ sì ní kí ẹlòmíràn wá a fún yín. Yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú méjèèjì kọjá lọ́nà tí ó fẹ́ jọra. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni bakitéríà ṣe rí nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, nínú ẹ̀jẹ̀, tàbí nínú ọyún. Máíkírósíkóòpù tí ó dára lè sọ ọ́ di ńlá ní ìlọ́po 1,000, síbẹ̀ òjìji tí kò ní àwọ̀ ni ojú yóò máa bá pàdé. Nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn Leeuwenhoek ni àwọn oníṣègùn fi ní máíkírósíkóòpù lọ́wọ́ tí wọn kò lè tọ́ka sí kòkòrò kan kí wọ́n ní, "Ìwọ ni o pa lágbájá." Ohun tí wọ́n ń dúró dè ni aró.

Ọ̀rọ̀ aró yìí ní ìtàn, inú ọ̀rọ̀ ibà ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1856, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù, William Henry Perkin, ọmọ ọdún 18, ń wá ọ̀nà tí òun yóò fi ṣe kuníìnì, oògùn ibà, láti inú ohun tí a ń rí nínú ọ̀dà èédú ilẹ̀. Kò rí kuníìnì ṣe. Ohun dúdú kan ni ó rí nísàlẹ̀ ìgò. Nígbà tí ó fẹ́ fi sípíríìtì fọ̀ ọ́ dànù, sípíríìtì náà di elésè àlùkò tí ó dán gbinrin, aṣọ sì gbà á. Kò pẹ́ tí àwọn ará Jámánì fi gba iṣẹ́ náà ṣe ju àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ, tí wọ́n ń ti inú ọ̀dà kan náà yọ aró pupa, aró búlúù, aró àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ilẹ̀. Ní 1897 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí ó jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú aró ẹ̀lú. Nígbà tí ó yá, èyí dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá aláró tiwa náà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ṣíwọ́ gígún ewé ẹ̀lú. Aró tí wọ́n ṣe fún ọjà aṣọ yìí ni àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Jámánì mú wọ inú ilé àyẹ̀wò.

Wọ́n rí i pé aró wọ̀nyí a máa mú àwọn ohun kan, a sì máa fi òmíràn sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò le. Ojú òde ara bakitéríà ní agbára iná mànàmáná díẹ̀ tí ó jẹ́ ti òdì, púpọ̀ nínú aró wọ̀nyí sì ní agbára ti òdìkejì rẹ̀. Ọ̀kan a fa èkejì mọ́ra. Ẹ bu aró lé e lórí, ẹ fi omi ṣàn án, omi yóò gbé aró tí kò rí ibi dúró lọ, kòkòrò yóò sì kù síbẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀rọ̀ ikọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1882, Robert Koch dìde ní ìpàdé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ìlú Berlin, ó sì sọ fún wọn pé òun ti rí kòkòrò tí ń fa ikọ́ ife, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ikọ́ àwúgbẹ. Ó ní nínú gbogbo ẹni 7 tí ń kú, ikọ́ yìí ni ó ń pa 1. Títí di ìgbà náà ọ̀pọ̀ oníṣègùn gbà pé àrùn ìran ni, pé inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ni ó wà. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwa náà níhìn-ín, a mọ ìdílé tí wọn kì í fẹ́ ọmọ níbẹ̀ nítorí ikọ́. Koch fi aró mẹ́tílíìnì búlúù pa kòkòrò náà, ṣùgbọ́n ó nira fún un. Kòkòrò yìí kò fẹ́ gba aró. Ó ní láti fi ohun kan tí ó dà bí omi eérú tí ìyá aláró ń lò sínú aró náà, kí ó sì fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ kan gbáko.

Ọ̀dọ́mọdé oníṣègùn kan wà láàárín àwùjọ ní alẹ́ ọjọ́ náà, Paul Ehrlich ni orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ aró sì ti gbà á lọ́kàn láti ìgbà tí ó ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Láìpẹ́ ó ti rí ọ̀nà tí ó yá ju ti Koch lọ. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ó sá gíláàsì rẹ̀ sórí ààrò kan tí kò ní iná kí ó lè gbẹ, ó lọ sùn, obìnrin tí ń tọ́jú yàrá náà sì dáná sí ààrò ní òwúrọ̀ láìmọ̀. Nígbà tí Ehrlich dé, ó rò pé ohun gbogbo ti bàjẹ́. Ó wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù, àwọn kòkòrò náà sì yọ kedere ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Ooru ni wọ́n ti ń fẹ́. Ohun kejì tí ó rí ṣe pàtàkì ju èyí lọ: bí a bá da ásíìdì líle sórí gíláàsì náà lẹ́yìn aró, gbogbo ohun yòókù yóò ṣí, ṣùgbọ́n kòkòrò ikọ́ ife kò ní ṣí. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ikọ́ ife mú Ehrlich fúnra rẹ̀. Ní 1888 ó fi Berlin sílẹ̀, ó lọ sí ilẹ̀ Íjíbítì nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ, kí ó tó padà wálé ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ó rí ara gbà.

Àwọn méjì mìíràn ní Jámánì ni wọ́n tún iṣẹ́ náà ṣe. Franz Ziehl mú kàbólíìkì wọ inú rẹ̀ ní 1882, Friedrich Neelsen sì mú aró pupa tí à ń pè ní fúkísíìnì wọ̀ ọ́ ní 1883. Orúkọ àwọn méjèèjì ni a fi ń pe ọ̀nà náà títí di òní, ó sì ti lé ní 140 ọdún.

Bí a ti ń ṣe é rèé. A ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ mú ibi tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà ti ki jù, a ó fi pa ojú gíláàsì pẹlẹbẹ kan ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a ó jẹ́ kí ó gbẹ, a ó sì mú un kọjá lórí iná lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí ó lè lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Lẹ́yìn náà a ó da aró fúkísíìnì alákàbólíìkì bò ó, a ó fi iná kékeré sí i lábẹ́ títí èéfín yóò fi máa rú. Kò gbọdọ̀ hó o! Bí ó bá hó, ó bàjẹ́. Ìṣẹ́jú 5 ni ó kéré jù tí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A ó fi omi ṣàn án, gbogbo ojú gíláàsì yóò sì pupa bí osùn. A ó wá da sípíríìtì tí a fi ásíìdì sí bò ó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 3, àwọ̀ pupa yóò sì ṣàn lọ títí gíláàsì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Níkẹyìn a ó da mẹ́tílíìnì búlúù sí i fún ìṣẹ́jú 1. Ohun gbogbo tí ásíìdì ti ṣí àwọ̀ lára rẹ̀ yóò gba búlúù. Kòkòrò ikọ́ ife nìkan ni yóò ṣì pupa, bí ìgbà tí a bá já okùn pupa wẹ́wẹ́ sórí aṣọ aró.

Èé ṣe tí kò fi ṣí? Ẹni tí ó bá ti jókòó ti ìyá aláró rí yóò tètè yé. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ gbáàgúdá ni wọ́n fi ń ya ọnà sára aṣọ. Nígbà tí wọ́n bá rẹ aṣọ náà sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọ ibẹ̀. Kòkòrò ikọ́ ife gbé ẹ̀kọ tirẹ̀ wá láti ilé, àfi pé kì í ṣe ẹ̀kọ, ìda ni. Ara rẹ̀ ní ohun ọlọ́ràá kan tí ó dà bí ìda oyin, ìdí nìyí tí aró tútù kò fi rí ọ̀nà wọlé. Ooru a mú ìda náà rọ̀, kàbólíìkì a sì ṣí ọ̀nà fún aró pupa. Nígbà tí ó bá tutù, ìda náà a tún padà dì, a sì há aró mọ́ inú. Ásíìdì tí ó wá lẹ́yìn a kan ilẹ̀kùn, kò ní rí i ṣí. Ibi tí àfiwé mi parí sí nìyí, nítorí pé ìyá aláró a máa fọ ẹ̀kọ rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n ìda kòkòrò yìí kì í kúrò lára rẹ̀. Ìda kan náà wà lára ìdí tí oògùn ikọ́ ife fi sábà máa ń pẹ́ tó oṣù 6, nígbà tí ọ̀pọ̀ àrùn mìíràn ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ 1.

Lẹ́yìn aró ni iṣẹ́ ojú. A ó kán òróró sórí gíláàsì, a ó sì máa wò ó díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ojú lè rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kéré púpọ̀, ẹ jẹ́ kí á pè é ní ojú-ìwò kan. Òfin iṣẹ́ wa ni pé a kò gbọdọ̀ sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀ àfi bí a bá ti wo ojú-ìwò 100, ó kéré tán. Kì í ṣe àṣejù. Kòkòrò náà gbọ́dọ̀ tó 5,000 sí 10,000 nínú mìlílítà 1 kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kí á tó lè retí pé ojú yóò bá a pàdé. Bí wọ́n bá kéré sí èyí, wọ́n lè wà nínú àyà ènìyàn kí á má rí ọ̀kan ṣoṣo.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ní ìgbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, obìnrin olóbì kan gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ọmọ náà kò tíì já lẹ́nu ọmú. Ọ̀sán ọjọ́ ọjà ni, gíláàsì pọ̀ níwájú mi, ebi sì ń pa mí. Mo wo tirẹ̀ díẹ̀, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí. Obìnrin náà dúpẹ́, ó lọ. Ọ̀gá wa, àgbàlagbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, máa ń mú gíláàsì díẹ̀ lára tiwa ní ìrọ̀lẹ́ láti tún un wò. Ọlọ́run mú ọwọ́ rẹ̀ ba tèmi. Ó wò ó, ó pẹ́ lórí rẹ̀, kò gbójú sókè kí ó tó pè mí.

"Ojú-ìwò mélòó ni o wò níbí, ọmọ mi?"

Mo ní, "Bíi ogún ni, Bàbá."

"Ogún." Kò bá mi jà. "Ó dára. Wá jókòó síbí, kí o ka ìyókù."

Mo jókòó. Mo ń kà á, òógùn ń bò mí. Ní ojú-ìwò kẹrìnlélọ́gọ́ta ni mo rí ọ̀kan, ó pupa, ó tẹ̀ díẹ̀, ó dá dúró lórí búlúù. Kí n tó ka 100 tán mo rí méjì sí i. Mẹ́ta péré ni gbogbo rẹ̀. Bàbá kọ iye náà sínú ìwé, nítorí pé bí kò bá tó 10 nínú ojú-ìwò 100, iye rẹ̀ gan-an ni a máa ń kọ. Ó wá yí sí mi, ó ní, "Ọmọ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń kọ́?" N kò lè dáhùn.

Kò sí ẹni tí ó mọ ilé obìnrin náà. Ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀ lé e ni a tó rí i nídìí obì rẹ̀, èmi fúnra mi ni Bàbá sì rán. Ó bẹ̀rẹ̀ oògùn ní ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n sì fún ọmọ náà ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí ti ìyá rẹ̀ di tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ebi bá ń pa mí, mo máa ń kọ́kọ́ lọ jẹun.

Ẹ má rò pé gbogbo àṣìṣe ti ojú ni. Aró fúnra rẹ̀ lè purọ́. Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá ki jù lórí gíláàsì, ásíìdì kò ní dé ìsàlẹ̀, ohun tí kò yẹ kí ó pupa yóò sì pupa. Bí aró bá ti pẹ́ nínú ìgò, ó lè dì ní wóróhóró, kí ọmọ iṣẹ́ sì pe wóró aró ní kòkòrò. Omi ẹ̀rọ pàápàá lè ní àwọn ìbátan kòkòrò yìí tí wọn kì í pa ènìyàn lára, ìda wà lára àwọn náà, wọn a sì pupa bákan náà. Nítorí èyí ni a ṣe máa ń pa gíláàsì méjì mìíràn láró pẹ̀lú tìrẹ, ọ̀kan tí a mọ̀ dájú pé kòkòrò wà níbẹ̀, èkejì tí a mọ̀ dájú pé kò sí. Bí àwọn méjèèjì kò bá jáde bí ó ti yẹ, gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà di àtúnṣe.

Kòkòrò ẹ̀tẹ̀, tí Gerhard Hansen rí ní ilẹ̀ Nọ́wè ní 1873, jẹ́ ọmọ ìyá kòkòrò ikọ́ ife, ó sì ní ìda tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò lágbára tó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ásíìdì tí kò le púpọ̀ ni a ń lò fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ṣí. Láti etí ni a ti sábà máa ń mú ohun tí a ó wò.

Aró kejì wà tí ó yẹ kí n sọ, òun gan-an ni a sì ń lò jù lójoojúmọ́. Hans Christian Gram ni orúkọ ẹni tí ó rí i, ará Dẹ́ńmáàkì ni, a bí i ní 1853. Ní 1884 ó ń bá oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Carl Friedländer ṣiṣẹ́ nínú ilé òkú ilé-ìwòsàn kan ní Berlin. Ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí òtútù àyà pa ni wọ́n ń gé wò. Ìṣòro wọn ni pé aró ń pa ẹran ara àti kòkòrò pọ̀, wọn kò sì mọ èwo ni èwo. Gram da aró elésè àlùkò sí i, ó da omi áyódíìnì lé e, ó wá fi sípíríìtì fọ̀ ọ́. Àwọ̀ ṣí kúrò lára ẹran, ó sì kù sára kòkòrò. Ohun tí ó ń wá nìyẹn, ó sì rí i. Ṣùgbọ́n ó tún ṣàkíyèsí pé àwọn kòkòrò kan wà tí àwọ̀ ń ṣí lára àwọn náà. Lójú tirẹ̀, àbùkù ni èyí jẹ́ lára iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó ń tẹ ìwé rẹ̀ jáde, ó bẹ àwọn tí yóò kà á pé kí wọ́n má bínú, ọ̀nà náà kò tíì pé, bóyá yóò wúlò lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Àbùkù tí ó ń tọrọ àforíjì lé lórí yìí gan-an ni gbogbo ayé ń lò lónìí. Àwọn tí ó wá lẹ́yìn fi aró pupa kan tí ń jẹ́ safraníìnì kún un, kí àwọn tí àwọ̀ ti ṣí lára wọn lè rí aṣọ mìíràn wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé nínú bakitéríà tí à ń bá pàdé jù, apá kan ń yọ ní elésè àlùkò, apá kejì ń yọ ní pupa fẹ́ẹ́rẹ́.

Ògiri ni ó fà á. Àwọn elésè àlùkò ní ògiri tí ó nípọn bí ti ilé alámọ̀ àtijọ́. Nígbà tí aró àti áyódíìnì bá wọ inú wọn, wọn a so pọ̀ di ohun ńlá. Sípíríìtì a mú ògiri náà gbẹ, a fún un pọ̀, ohun tí ó wà nínú kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Àwọn pupa ní ògiri fẹ́lẹ́ kan, wọ́n sì tún da awọ ọlọ́ràá bò ó lóde. Sípíríìtì a yọ́ ọ̀rá náà, aró a sì bá a jáde. Awọ òde yìí ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ oògùn wọ inú àwọn tí ó ní in. Nítorí náà, bí dókítà bá gbọ́ àwọ̀, ó ti mọ apá kan nínú oògùn tí òun lè gbé sílẹ̀ àti èyí tí òun lè mú.

Àwọ̀ nìkan kọ́, a tún máa ń wo ìrísí. Àwọn kan rí róbótó, wọ́n sì ṣù pọ̀ bí èso àjàrà, irú àwọn tí ń sọ eéwo di ọyún. Àwọn kan tò bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Kòkòrò òtútù àyà a máa wà ní méjì méjì bí ìbejì, elésè àlùkò ni. Ti àtọ̀sí náà a máa wà ní méjì méjì, ṣùgbọ́n pupa ni, inú sẹ́ẹ̀lì ọyún ni a sì ti sábà máa ń rí i. Àwọn yòókù gùn bí ọ̀pá, ti àrùn onígbáméjì sì tẹ̀ díẹ̀ bí àmì ìdánudúró díẹ̀ inú ìwé yín.

Ẹ wo bí èyí ti ń ran ènìyàn lọ́wọ́. Wọ́n gbé ọmọdé kan dé lóru, ara rẹ̀ gbóná, ọrùn rẹ̀ gan, kò mọ ìyá rẹ̀ mọ́. Dókítà fura sí yírùnyírùn, ó fa omi díẹ̀ láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Bí a bá fẹ́ gbin kòkòrò náà kí ó hù kí á tó mọ̀ ọ́n, ọjọ́ 1 tàbí 2 ni yóò gbà. Aró Gram kì í gbà tó ìdajì wákàtí: elésè àlùkò ìṣẹ́jú 1, áyódíìnì ìṣẹ́jú 1, sípíríìtì ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, pupa ìṣẹ́jú 1. Dókítà kì í dúró dè wá kí ó tó fún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, kò sì yẹ kí ó dúró. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá rí ni yóò jẹ́ kí ó mọ̀ bóyá òun wà lójú ọ̀nà.

Ibi sípíríìtì yẹn ni ọmọ iṣẹ́ ti ń kọsẹ̀. Bí ó bá pẹ́ jù, elésè àlùkò pàápàá yóò ṣí, a ó sì pe olówó ní ìwọ̀fà. Bí kò bá pẹ́ tó, ìwọ̀fà yóò di olówó. Kò sí aago kan tí ó lè dá a sọ ní gbogbo ìgbà, nítorí pé ó wà lọ́wọ́ bí ohun tí a pa sórí gíláàsì ti nípọn tó. Ìgbà tí ohun tí ń ṣàn sílẹ̀ bá kọ́kọ́ mọ́ ni kí ọwọ́ yára gbé omi. Ojú ni a fi ń kọ́ ọ, bí ìyá aláró ti ń fi ojú mọ̀ pé aṣọ ti gba aró tó.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń béèrè pé, "Ṣé aró yìí ni ẹ ṣì ń lò nígbà tí ẹ̀rọ ti dé?" Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ti dé. Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí ẹ̀rọ kan tí í wá àmì ìran kòkòrò ikọ́ ife nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Èsì rẹ̀ ń jáde láàárín wákàtí 2, ó ń rí èyí tí ojú kò rí, ó sì ń sọ bóyá kòkòrò náà ti borí rífáńpísíìnì, tí í ṣe ọ̀kan nínú àgbà oògùn rẹ̀. N kò ní jowú rẹ̀. Bí ó bá wà ní ilé-ìwòsàn yín, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ lò. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ iná mànàmáná, ó ń fẹ́ ike tirẹ̀ tí ó ní iye owó. Ohun mìíràn tún wà: ẹ̀rọ náà a máa rí àmì òkú kòkòrò fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí oògùn ti pa á, nítorí náà kò dára fún ṣíṣọ́ bí oògùn ti ń ṣiṣẹ́ sí. Aró àti ojú ni wọ́n ṣì ń fi ṣọ́ èyí, pẹ̀lú gbígbin kòkòrò níbi tí agbára bá ká a. Ní ìparí oṣù kejì tí aláìsàn ti ń lo oògùn, yóò tún gbé ike wá, a ó sì tún kà á.

Nítorí náà, bí wọ́n bá nà ike sí yín, ẹ fi omi lásán yọ ẹnu ní òwúrọ̀ kí ẹ tó jẹun. Ẹ jáde sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí ó má baà kan àwọn ará ilé. Ẹ mí sínú dáadáa lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ tó wú u láti ìsàlẹ̀ àyà. Itọ́ tí ó mọ́ bí omi kò wúlò fún wa, èyí tí ó ki tí ó sì ń fà ni à ń fẹ́. Ẹ dé ike náà pa.

Bí a bá sì kà á tán, a kì í ju gíláàsì náà nù. A ó nu òróró kúrò lójú rẹ̀, a ó fi sínú àpótí rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, àwọn alábòójútó a sì máa wá mú díẹ̀ lára wọn lọ tún wò ní ibòmíràn. Wọn kì í sọ ohun tí a kọ sínú ìwé fún ẹni tí yóò tún un wò. Òun náà yóò kán òróró tirẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú-ìwò kìíní.